Àgbá, Ọ̀pá àti Omi Tútù

Ẹni tó ń mu ògógóró níbi ìkómọ ní Ìlerò kì í sábà rí ohun èlò tí wọ́n fi pọn ọ́n. Ní ilẹ̀ àbàtà ìhà Òkìtìpupa, níbi tí ògùrọ̀ ti pọ̀, ni ọgbọ́n pípọn ọtí náà fìdí múlẹ̀ sí. Àgbá irin wà lórí iná, ẹmu kíkan wà nínú rẹ̀. Ọ̀pá bàbà ti ẹnu àgbá jáde, ó gba inú omi tútù kọjá, ọtí sì ń kán tó, tó, tó sínú ìgò. Ó rọrùn lójú, àmọ́ ìmọ̀ ló gbé e ró: ìwọ̀n ooru 78 lórí Celsius ni ọtí ń hó, omi di 100. Ìdí nìyí tí ọlọ́tí fi ń ṣọ́ iná. Bí iná bá le jù, omi á bá ọtí jáde, ọtí á sì dẹ̀.

Àwọn kan á ní ògógóró ń pànìyàn, wọ́n á tọ́ka sí ikú tí methanol, irú ọtí olóró kan, fà ní Òde-Ìrèlè ní 2015. Òótọ́ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ṣùgbọ́n iná, ọ̀pá àti omi tútù náà ni ilé iṣẹ́ ọtí ńlá ń lò. Àyẹ̀wò ni wọ́n fi ju ọlọ́tí wa lọ. Ẹ jẹ́ ká mú àyẹ̀wò dé ìdí àgbá, ká má fọ́ àgbá.