Níbo Ni Òṣìṣẹ́ Wà Nínú Àwòrán Wa?

Bí ayàwòrán bá dé Ìdànrè, òkè ni yóò yà: àpáta, àtẹ̀gùn, àti ìkùukùu tó bò ó lórí. Àwọn tó ń sá kòkó nísàlẹ̀ òkè náà kì í sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì wà, wọn a kéré bí èèrà. Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe ti Ìdànrè nìkan.

Ẹ wo Akínọlá Lasekan, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí kò jìnnà sí wa. Òun ló ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ sínú ìwé ìròyìn West African Pilot, tó ń fọwọ́ sí i ní “Lash”. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn yanṣẹ́ lódì, nítorí pé ogun ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó oṣù wọn kò sì kúrò lójú kan. Pilot dúró tì wọ́n. Ní oṣù Keje, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é. Lasekan kò jìnnà sí ìjà náà rárá. Síbẹ̀, kí ló fi ọ̀dà yà? Ajaka ti Ọ̀wọ̀ ni, J. D. Akeredolu agbẹ́gilére ni, àwọn oníjó ni. Yíǹkì ló fi jà, ọ̀dà ló fi yẹ́ni sí. N kò bá a wí. Ẹni tó lówó àwòrán nígbà náà sábà máa ń jẹ́ ẹni tí òṣìṣẹ́ ń bá jà. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn kì í pẹ́ tó fi ń di ohun tí wọ́n fi ń pọ́n àkàrà.

Ní 1974, Lemi Ghariokwu wá ọ̀nà mìíràn. Páálí àwo orin Fẹlá, Alagbon Close, ló yàwòrán sí, èyí tí mẹkáníìkì lè fi ìṣó kàn mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Fẹlá dúró gangan, ẹ̀wọ̀n tó já ń rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àbùùbùtán sì ń dojú ọkọ̀ ojú omi ọlọ́pàá dé. Àwòrán tó lágbára ni, mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló já ẹ̀wọ̀n. Ẹ yọ Fẹlá kúrò, kí ló kù? Ẹja.

Ẹ fi wé iṣẹ́ Pellizza ará Ítálì, tó parí ní 1901, tí wọ́n ń pè ní Il Quarto Stato. Ogunlọ́gọ̀ òṣìṣẹ́ ń rìn bọ̀ wá bá wa, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan tó gbé ọmọ lọ́wọ́ ló ṣíwájú; bàtà kò sí lẹ́sẹ̀ obìnrin náà. Ẹ yọ ẹnikẹ́ni kúrò níbẹ̀, wọ́n ṣì ń bọ̀.

Àwa náà ní irú wọn. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ kọ owó orí, wọ́n sì pe ara wọn ní Àgbẹ́kọ̀yà. Orúkọ Tàfá Adéoyè la rántí jù. Àwòrán tí mo ń fẹ́ ni èyí tí Tàfá kò ní sí láàárín rẹ̀: ojú lọ́kọ̀ọ̀kan, àdá, ẹsẹ̀ tí ẹrẹ̀ oko gbẹ mọ́, èjìká tó kan èjìká dé etí àwòrán.