Ìfé tó ń dún ní Akote

Nílé wa l'Ọ̀wọ̀, ọmọ tó bá súfèé lálẹ́ máa gba ìbáwí: wọ́n ní ejò ló ń pè. Bóyá ìdí nìyẹn tí ara mi fi bù máṣọ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìfé inú October 1, eré tí Túndé Babalọlá kọ, tí Kúnlé Afọláyan darí, tó jáde lọ́dún 2014.

Ọdún 1960 ni, òmìnira ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹnì kan ń fipá bá àwọn ọmọbìnrin Akote lò pọ̀, ó ń pa wọ́n, ó sì ń fi ọ̀bẹ fa àgbélébùú sí wọn láyà. Danladi Waziri, ọlọ́pàá ọmọ Hausa, ni ìjọba òyìnbó rán wá tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. (Ẹ má wá Akote kiri o. Ìlárá-Mọ̀kín wà lára ibi tí wọ́n ti yà á, ẹ̀yìn Àkúrẹ́ níbẹ̀ yẹn.)

Kí ẹni tí kò tíì wò ó dúró níbí. Afọláyan kò jẹ́ ká rí ojú apànìyàn. Etí ló fi í lé lọ́wọ́. Ọlọ́pàá kan tọ ìfé náà lọ, ikú ló bá pàdé. Lẹ́yìn náà, níbi tí ọtí ti ń pa Waziri, Adérọ́pò, ọmọ ọba tó ti yunifásítì dé, súfèé ohùn kan náà. Sadiq Daba, tó ṣe Waziri, tó sì kú lọ́dún 2021, kò pariwo púpọ̀ nínú eré yìí. Ojú rẹ̀ tó ti rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ti àwọn òyìnbó ibẹ̀ ni kò dùn mọ́ mi, wọ́n le gbagidi bí òpó àsíá.

Mo bi ara mi pé ṣé Adérọ́pò ò lè rí ìtọ́jú gbà ni. Láti 1954 ni Dókítà Lambo ti ń tọ́jú alárùn ọpọlọ ní Aró, l'Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn. Ìtọ́jú wà nígbà náà. Ṣùgbọ́n ta ni Adérọ́pò fẹ́ sọ fún pé Àlùfáà tó mú òun lọ ilé ìwé ló ba òun jẹ́?

Àgbékọ̀yà, àgbẹ̀ kan nínú eré náà, mọ ìtàn yẹn. Ọwọ́ Àlùfáà kan náà ló ti sá padà sóko. Afọláyan fúnra rẹ̀ ló ṣe Àgbékọ̀yà. Nígbà àkọ́kọ́, mo fi àgbẹ̀ tí kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kàwé yìí rẹ́rìn-ín, mo pè é ní aláìmọ̀kan. Nígbà tí mo tún un wò, tó wá mú ọmọ rẹ̀ kúrò ní kíláàsì, mi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́.