Ijó Orí Kọnkéré: Bí Awakọ̀ Bàálù Alárà Ṣe Ń Lo Ìgbà Òtútù

Nínú ìdíje fífi bàálù dárà lójú òfuurufú, ìpele kan wà tí wọ́n ń pè ní Unknown. Wọ́n á fi ètò àrà tí awakọ̀ kò fò rí lé e lọ́wọ́, nígbà mìíràn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Òfin kò gbà kó gbé bàálù lọ dán an wò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò fò ó, lójú àwọn adájọ́. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fò láìkúrò nílẹ̀ ni ìpele yìí ń ṣe lóore, ìgbà tí bàálù kò sì ṣeé gbé jáde ló dára jù láti kọ́ ọ.

Ní Wisconsin, níbi tí ibùjókòó International Aerobatic Club, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1970, wà nílùú Oshkosh, òtútù àti yìnyín ló ń pàṣẹ láti Disẹ́ńbà títí di Màáṣì. Àsìkò yẹn ni awakọ̀ ń fẹsẹ̀ rin àrà rẹ̀. Ijó ni àwọn fúnra wọn ń pè é, wọn ò sì purọ́. Á na àtẹ́lẹwọ́ síwájú, ọwọ́ ti di bàálù nìyẹn. Bí ọwọ́ bá gòkè, orí á yíjú síbi tí yóò ti máa wo ilẹ̀. Bí ọwọ́ bá yí, ẹsẹ̀ á tẹ̀lé e. Ẹni tí kò mọ̀dí rẹ̀ lè rò pé nǹkan ń ṣe é. Àrà ló ń kó sínú iṣan, kó má baà jẹ́ ìgbà tí ayé bá dorí kodò ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ro ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Bó bá kọrí sí apá òdì, òdo ni àrà náà, bó ti wù kó dán tó.

Àwọn àmì tí awakọ̀ ń jó tẹ̀lé ní ẹni tó gbé wọn kalẹ̀. José Luis Aresti, awakọ̀ ará Sípéènì, ló tẹ̀ wọ́n jáde lọ́dún 1961: ìlà gbọọrọ fún bàálù tó dúró dáadáa, ìlà tó ń já fún èyí tó dojú dé, ọfà fún yíyí, àmì róbótó kékeré níbẹ̀rẹ̀, ìlà kékeré kan dábùú níparí. Àmì yìí náà ni awakọ̀ fi ń to ètò Free tirẹ̀, ibẹ̀ ni a sì ti ń mọ ẹni tó ní làákàyè. Àyè tí wọ́n ní kò ju 1,000 mítà níbùú àti lóròó lọ, àrà kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ gíga tàbí eré. Ọ̀pọ̀ ètò Free kò ju ìṣirò máàkì lọ: àrà líle tò tẹ̀lé àrà líle, kò sí adùn níbẹ̀.

Síbẹ̀, ijó kì í ya òbírí. Lókè òbírí ni eré bàálù ti ń lọ sílẹ̀, awakọ̀ sì gbọ́dọ̀ dẹ ọwọ́ lórí ọ̀pá ìdarí. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹyin ni adájọ́ máa rí nísàlẹ̀. Máàkì kan ń lọ fún ìwọ̀n 5 tí ìlà bá fi yà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ẹnìkan sísàlẹ̀ tó ń fi rédíò sọ ohun tó rí, nítorí ojú tó wà nínú bàálù máa ń gbè fún ẹni tó ni ín.

Ìgbà òtútù kan náà ni wọ́n ń tú bàálù wò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Júùnù 1970 fi ìdí rẹ̀ hàn. Neil Williams, awakọ̀ bàálù alárà, ń múra fún ìdíje àgbáyé ní Hullavington, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí àárẹ̀ irin já ìdè apá bàálù Zlin rẹ̀, tí apá náà sì ń ká sókè. Ó dojú bàálù dé, apá padà sáyè rẹ̀. Ó fò bẹ́ẹ̀ títí ó fi súnmọ́ ilẹ̀, kó tó yí i padà láti balẹ̀. Ó jáde láàyè. Ọgbọ́n rẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń yìn, ṣùgbọ́n ìtàn náà kan mẹkáníìkì tó ń fi iná wá ojú sísán nínú irin gan-an.

Ara ló kù. Extra 300, iṣẹ́ Walter Extra ará Jámánì, lè gba ìlọ́po 10 ìwúwo. Ẹni tó wọn kílò 70 á dà bí 700. Ara tó ti sinmi fún oṣù mélòó kan kì í tètè gbà á mọ́: ẹ̀jẹ̀ á sá kúrò lórí, ojú á máa ṣókùnkùn. Nítorí náà, ìfò àkọ́kọ́ lẹ́yìn òtútù máa ń kúrú, àrà rẹ̀ á sì rọrùn, bó ti wù kí awakọ̀ mọ ètò Known tuntun, èyí tí wọ́n ń fún gbogbo wọn ṣáájú ìdíje, lórí tó.