Ọjọ́ A Bá Kú Là Á Dère: Bí Wọ́n Ṣe Ń Rántí Olóore ní Jẹ́dà àti Mẹ́kà

Ní sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín kọ ọ́ sínú àròkọ rẹ̀ pé wọn kì í gbé ère dúró ní Saudi Arabia, nítorí náà wọn kì í ṣe ìrántí àwọn olóore wọn. Mo fún un ní máàkì tó dára. Àṣìṣe ni mo ṣe. Àṣìṣe yẹn ni mo fẹ́ fi àpilẹ̀kọ yìí tún ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ẹ ṣọ́ àmì ohùn o! Ère ni ohun tí a gbẹ́ tàbí tí a mọ. Èrè ni ohun tí oníṣòwò ń jẹ. Eré ni ohun tí ọmọdé ń ṣe. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè." Ìyẹn ni pé ìgbà tí èèyàn bá kú tán ni aráyé tó ń yìn ín bí ẹni tí kò ní àbùkù kankan.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ẹni tó bá ṣe mùsíọ́ọ̀mù lóore lè di ère ní tòótọ́. Wọ́n á gbẹ́ orí àti èjìká rẹ̀ láti ara òkúta mábù, wọ́n á sì gbé e ka orí òpó kí gbogbo ẹni tó ń wọlé lè rí i. Ti Hans Sloane ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù gbajúmọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé amọ̀ sísun ni tirẹ̀, kì í ṣe mábù. Michael Rysbrack ló mọ ọ́n nígbà tí Sloane ṣì wà láàyè, nítorí náà bàbá yìí kò tilẹ̀ dúró de ikú kó tó dère! Ó kú ní 1753, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì fi àwọn nǹkan tó kó jọ dá mùsíọ́ọ̀mù náà sílẹ̀. Ojú ère náà tutù, ó ní ọlá. Ṣùgbọ́n ojú yẹn kò sọ fún wa pé apá kan nínú owó Sloane wá láti oko ìrèké tí àwọn ẹrú ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ní Jàmáíkà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Jẹ́dà, ìlú tí ọ̀pọ̀ Àlàájì àti Àlàájà wa máa ń gbà kọjá sí Mẹ́kà. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, Mohamed Said Farsi ni olórí ìlú náà. Ó kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún iṣẹ́ ọnà sí ojú títì àti etí òkun, lára wọn iṣẹ́ Henry Moore, Joan Miró àti Alexander Calder. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ère wà ní Saudi Arabia. Ohun tí wọn kò gbà ni ère tó jọ odindi èèyàn. César tilẹ̀ ṣe ìkúùkù ńlá kan síbẹ̀, àmọ́ ìkúùkù ta ni? Kò sí ojú tí a lè fi mọ̀ ọ́n.

Ní àárín ìlú àtijọ́, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Al-Balad, ẹ ó rí Ilé Nasif, tí wọ́n kọ́ parí ní 1881. Igi dóńgóyárò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tún ń pè é ní ilé onígi. Muhammad Nasif kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé jọ sínú ilé yìí, àwọn ìwé náà sì di ti King Abdulaziz University. Ilé, igi àti ìwé ló ń jẹ́rìí sí ìdílé náà.

Láti Jẹ́dà, Mẹ́kà kò jìnnà. Àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí láàrin yín kò lè wọ ibẹ̀, àmọ́ ẹ lè wo àwòrán ògbólógbòó ọ̀nà omi olókùúta tó wà ní agbègbè Arafat. Zubayda, ìyàwó Harun al-Rashid, ló ná owó rẹ̀ kí omi lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe Haji. Ó kú ní 831. Nígbà tí iṣẹ́ náà bàjẹ́, àwọn mìíràn tún un ṣe, títí kan Mihrimah, ọmọbìnrin Sultan Süleyman, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Síbẹ̀, Omi Zubayda ni wọ́n ṣì ń pè é. Bí ẹ bá ní àǹtí tó ń jẹ́ Zubaidat, orúkọ kan náà nìyẹn.

Ní èrò tèmi, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyí: orí mábù ń sọ fún wa pé, "Ẹ wò mí." Omi ń sọ pé, "Ẹ mu." Ọ̀kan tọ́jú ojú olóore, èkejì tọ́jú oore.

Ṣùgbọ́n ẹ má tètè pàtẹ́wọ́. Omi náà mọ ọ̀rọ̀ pa mọ́. Owó ààfin ni owó Zubayda, ara àwọn tálákà ìlú ni owó orí sì ti máa ń jáde. Omi tó dùn lẹ́nu kò ní sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Kí ni ká wá ṣe? Ọ̀nà tí àwọn baba wa gbà wà nílẹ̀: oríkì. Oríkì kì í ṣe ìyìn nìkan. A máa sọ ti oore, a máa sọ ti ìjà, a sì máa sọ ti àbùkù pàápàá. Ní 2020, British Museum gbé orí Sloane kúrò lórí òpó rẹ̀, wọ́n sì gbé e sínú àpótí onígíláàsì pẹ̀lú àlàyé nípa òwò ẹrú. Àwọn kan bínú pé wọ́n ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Lójú tèmi, wọn kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ rárá. Ìlà tó sọnù nínú oríkì rẹ̀ ni wọ́n dá padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ óò kọ àròkọ ní sáà yìí, ẹ má kàn bi mí pé ère wà tàbí kò sí. Ẹ béèrè pé: Ta ni olóore? Níbo lowó ti wá? Ta ló jẹ àǹfààní rẹ̀? Ìlà wo ni wọn kò kì? Ẹni tó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni máa fún ní máàkì tó dára, lọ́tẹ̀ yìí kò ní sí àṣìṣe.