Tadlis nínú Fíìmù: Ìtàn Àwọn Awakùsà Wales

 

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló bi mí léèrè pé báwo ni àwọn ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin àti àwọn obìnrin tí ń fẹ́ obìnrin ṣe rí ẹ̀tọ́ gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àlùfáà kan ti dá wọn lóhùn lórí mùmbárì pé owó ni wọ́n fi ra gbogbo rẹ̀. Ìdájọ́ Ṣàríà lórí ìṣe náà wà nínú tírà, kò yí padà; kì í ṣe òun ni mo wá sọ. Ìdáhùn yẹn ni kò tọ́. Mo ní kí wọ́n wo fíìmù Pride, tí Matthew Warchus darí ní 2014. Èmi náà jókòó, mo wò ó.

Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ni. Ní oṣù kẹta 1984, àwọn awakùsà èédú ní Britain daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé wọ́n fẹ́ ti ibi iṣẹ́ wọn pa. Nígbà tó yá, ilé ẹjọ́ gbẹ́sẹ̀ lé owó ẹgbẹ́ wọn. Ebi wọlé. Ní London, Mark Ashton àti Mike Jackson kó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jọ, wọ́n gbé garawa, wọ́n ń tọrọ owó fún awakùsà. (Àwọn tí ayé ń bú ló ń ṣagbe fún ẹlòmíràn o!) Àfonífojì Dulais ní Wales ni owó náà lọ. Wọn ò fi orúkọ bò: Lesbians and Gays Support the Miners ni wọ́n ń jẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ gbàgàdà sára mọ́tò tí wọ́n fi tọrẹ. Nínú fíìmù, ará Wales tó wá dúpẹ́ rò pé London ni lẹ́tà L dúró fún. Wọ́n là á yé e, kò sá. Ó dìde, ó dúpẹ́ níwájú gbogbo wọn.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ibi tí Bill Nighy àti Imelda Staunton ti ń ṣètò búrẹ́dì. Ọkùnrin náà jẹ́wọ́ ohun tó ti fi pamọ́ láti ọdún gbọọrọ. Obìnrin náà ní òun ti mọ̀ tipẹ́, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan. Kí olùgbàròyìn máa fi orúkọ ẹni tó gba ìròyìn lọ́wọ́ rẹ̀ pamọ́, tadlis ni àwọn onímọ̀ hádíìsì ń pè é. Fíìmù yìí ṣe tadlis. Ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ni Ashton, òun ló di akọ̀wé àgbà àwọn ọ̀dọ́ wọn kó tó kú ní 1987, ọmọ ọdún 26. Fíìmù kò sọ ọ́. Ẹnì kan kàn fi bú u ni. Olùwòran á rò pé àánú nìkan ló gbé e dìde. Ní 1985, ẹgbẹ́ òṣèlú Labour fọwọ́ sí ìpinnu lórí ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí níbi ìpàdé àpapọ̀ wọn, ìbò ẹgbẹ́ awakùsà sì wà lára ohun tó gbé e wọlé. Ìpàdé lórí ìpàdé ló bí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí wọ́n kọ sójú fíìmù ní ìparí ni wọ́n fún un. Nígbà tí wọ́n tún tà á ní Amẹ́ríkà, wọ́n pa ọ̀rọ̀ "lesbians and gays" rẹ́ kúrò lẹ́yìn páálí rẹ̀, orúkọ gan-an tí àwọn onígarawa kò fi pamọ́!

Ẹni tó ní owó ni wọ́n fi rà á, tadlis ni òun náà ṣe: ó fo garawa, ó fo ìpàdé, ó fo ìbò. Súrátùl-Máídà, áyà kẹjọ, pa á láṣẹ fún wa láti ṣe déédéé, títí kan ẹni tí a kò fẹ́ràn. Mo ti bá àlùfáà náà sọ ọ́ lójúkojú. Ó ní kí n mú fíìmù náà wá, kí òun náà wò ó.