Ìgbà Ló Ń Ṣe Ṣampéènì, Kì í Ṣe Ariwo

Ní oṣù Keje ọdún 2010, àwọn òmùwẹ̀ kan rí ọkọ̀ tó ti rì sísàlẹ̀ Òkun Baltic, nítòsí àwọn erékùṣù Åland ní ilẹ̀ Finland. Ìgò ṣampéènì 168 ni wọ́n kó jáde nínú rẹ̀, láti nǹkan bí 50 mítà nísàlẹ̀ omi. Àmì tó wà lára àwọn kọ́ọ̀kì wọn fi hàn pé ilé ọtí Veuve Clicquot, Heidsieck àti Juglar ló ṣe wọ́n. Ọtí náà ti lo nǹkan bí 170 ọdún nínú òkùnkùn àti òtútù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tẹ àbájáde àyẹ̀wò wọn jáde ní ọdún 2015, wọ́n ṣàlàyé pé gáàsì inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Òórùn tó kọ́kọ́ jáde kò dára rárá, ó ń rùn bí irun ẹranko tó tutù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń mi ife tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ọtí náà, òórùn èéfín àti awọ bẹ̀rẹ̀ sí yọ, ó sì kúrò ní ohun tí ènìyàn ń sá fún.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé híhó ni ṣampéènì, pé bí kò bá ti hó mọ́, ó ti parí. Àwọn ìgò inú òkun yìí ta ko èrò náà. Ohun tí mo fẹ́ fi yé òǹkàwé ni pé ìgbà ló ń ṣe ọtí yìí, àti pé ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ọ wò bó ti yẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí ìgbà tó ti kọjá lórí ìgò tó wà níwájú rẹ̀.

Àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé ni agbègbè Champagne wà. Reims àti Épernay ni ìlú tí òwò náà fìdí kalẹ̀ sí. Ẹfun ni ilẹ̀ ibẹ̀. Láti ayé àwọn ará Róòmù ni wọ́n ti ń wa ẹfun yìí láti fi kọ́lé, àwọn kòtò ràgàjì tí wọ́n fi sílẹ̀ lábẹ́ Reims sì ni àwọn ilé ọtí sọ di àjà ilẹ̀ nígbà tó yá. Ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òtútù ni o, ibẹ̀ kì í gbóná ju nǹkan bí 10 sí 12 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Òtútù kan náà tó wà lókè ilẹ̀ kì í jẹ́ kí èso àjàrà wọn dùn jù. Ó máa ń kan, kíkan yẹn ló sì ń mú kí ọtí náà lè dúró fún ọdún gbọọrọ.

Wáìnì tí kò hó ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe. Wọn a rọ ọ́ sínú ìgò, wọn a fi ìwúkàrà àti ṣúgà bíi gíráàmù 24 sí lítà kan, wọn a sì dé e pa. Ìwúkàrà a jẹ ṣúgà náà, a tú gáàsì jáde, gáàsì kò sì ríbi gbà jáde, ó di pé kó wọnú ọtí. Agbára tó fi ń ti ìgò láti inú lè tó ìlọ́po 6 agbára afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Lẹ́yìn èyí ni ìwúkàrà kú, tó sì di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sísàlẹ̀ ìgò. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà a máa tú díẹ̀díẹ̀ sínú ọtí, a máa fún un ní òórùn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, a sì jẹ́ kí híhó rẹ̀ rọ̀ lẹ́nu. Òfin ilẹ̀ Faransé sọ pé ọtí tí wọ́n po àjàrà ọdún púpọ̀ pọ̀ láti ṣe kò gbọdọ̀ kúrò ní àjà ṣáájú oṣù 15. Èyí tó jẹ́ ti ọdún kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ lo ọdún 3. Àwọn ilé ọtí tó mọ iṣẹ́ wọn níṣẹ́ máa ń dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ pé Dom Pérignon, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn tó ń bójú tó àjà ọtí ní Hautvillers láti 1668 títí di 1715, ló dá híhó sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àléébù ni híhó jẹ́ lójú òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Mímọ bí a ti ń po àjàrà oríṣiríṣi pọ̀ ni ẹ̀bùn tirẹ̀. Ní ọdún 1662, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Christopher Merret ti ṣàlàyé ní Lọ́ńdọ̀nù bí ṣúgà ṣe ń mú wáìnì hó. Ẹni tí mo fi ọlá fún jù nínú ìtàn yìí ni Barbe-Nicole Clicquot, tó di opó ní ọdún 1805, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 27. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe tábìlì oníhò ní nǹkan bí ọdún 1816, tí wọ́n ń dorí ìgò kodò sí, tí wọ́n sì ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò fi kó jọ sẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n lè yọ ọ́ láìda ọtí nù. Láìsí iṣẹ́ yìí, à bá ṣì máa mu ọtí tó dàrú.

Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni ọjọ́ orí kejì bẹ̀rẹ̀ fún ìgò. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti ń dáàbò bo ọtí lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí afẹ́fẹ́ ń gba ara kọ́ọ̀kì wọlé tín-ín-tín, ọtí náà sì ń lọ sí apá oyin àti olú. Ìgò méjì tó jẹ́ ti ọdún kan náà, tí wọ́n yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wọn ní ọdún mẹ́wàá síra, kì í ṣe ọtí kan náà mọ́. Ilé Bollinger ti lóye èyí nígbà tí wọ́n gbé R.D. (ìyẹn, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀) jáde ní 1967, ọtí ọdún 1952 tó ti pẹ́ lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi bínú sí ilé ọtí tí kì í kọ ọjọ́ náà sára ìgò: ohun tí olùrà nílò jù ni wọ́n fi pamọ́ fún un. Ó yẹ kó di òfin.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ìgò ló yẹ ní fífi pamọ́. Lóòótọ́, kì í ṣe ẹmu tí a gbọ́dọ̀ mu kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n po láti ọdún púpọ̀ ti ṣetán lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Ọdún mélòó kan ló kù fún un. Ti ọdún kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ ilé tó dáńgájíá lè lo 20 ọdún. Prosecco ti ilẹ̀ Ítálì ńkọ́? Inú àgbá ńlá ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń hó, òórùn èso tútù ni ẹwà rẹ̀. Ẹni tó bá gbé e pamọ́ ti pa á.

Ní ti títọ́ wò, ife tóóró gígùn tí a mọ̀ mọ́ ọtí yìí ni mo kọ́kọ́ fẹ́ ká pa tì. Gáàsì máa ń kó jọ sẹ́nu rẹ̀, a sì máa ta ènìyàn nímú kó tó gbóòórùn ohunkóhun. Ife tí ikùn rẹ̀ fẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sún díẹ̀, ló dára. Gérard Liger-Belair, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Reims, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí a bá tẹ ife ṣẹ́gbẹ̀ẹ́, tí a rọra da ọtí gba ara rẹ̀, gáàsì inú rẹ̀ kì í tètè lọ. Ní ti òtútù, ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 8 sí 10 tó fún ọtí tí kò tíì pẹ́, ti àgbà sì fẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Òtútù líle máa ń pa adùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan wa, torí ṣampéènì kì í wọ́n ní òde àríyá Èkó. Ooru àti iná tó mọ́lẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀, pàápàá bí ìgò rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí iná ń là kọjá. Nítorí náà, ẹ má ra ìgò tó ti dúró pẹ́ lábẹ́ gílóòbù lórí pẹpẹ ìṣọjà. Ẹ bi ọlọ́jà léèrè ibi tó ń kó o pamọ́ sí, ẹ yí ẹ̀yìn ìgò wò bóyá ọjọ́ tí wọ́n yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀, kí ẹ tó yọ owó.