Ọ̀bẹ Lọ́wọ́ Ọmọ Ọlọ́lá: Àmèyítọ́ Lórí Ìtàn Obìnrin Oníṣẹ́ Abẹ àti Òkú Aláìlórúkọ

Nígbà tí ìtàn bá sọ fún wa pé ọmọ ọlọ́lá kan, tí ó tún jẹ́ obìnrin, fẹ́ di oníṣẹ́ abẹ, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé: ta ni yóò gbà fún un? Àwọn òbí rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ obìnrin ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì wà tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kì í béèrè: ara ta ni yóò fi kọ́ iṣẹ́ náà? Èrò wa nínú àròkọ yìí ni pé ìtàn tí ó bá dáhùn ìbéèrè kìíní, tí ó sì fo èkejì, ààbọ̀ ìtàn ni. A ó fi ìwé àròsọ kan láti òkè òkun àti ìtàn gidi kan láti ilẹ̀ Gánà yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ìwé àròsọ náà ni Anatomy: A Love Story, èyí tí Dana Schwartz, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ, tí ó sì jáde ní ọdún 2022. Ibùdó ìtàn náà ni ìlú Edinburgh, ní ilẹ̀ Skọ́tílàǹdì, ní ọdún 1817. Hazel Sinnett ni olú ẹ̀dá ìtàn. Ilé ọlá ni wọ́n bí i sí, wọ́n sì ti fi ọkọ sílẹ̀ dè é láàárín ẹbí. Ó wọ aṣọ ọkùnrin, ó lọ jókòó láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, àṣírí sì tú. Oníṣègùn àgbà kan, Beecham, bá a ṣe àdéhùn pé bí ó bá lè dá kọ́ ẹ̀kọ́ náà títí tí yóò fi yege ìdánwò, ọ̀nà yóò là fún un. Ìwé wà nílé fún Hazel láti kà. Òkú ni kò sí. Ibẹ̀ ni Jack Currer, ọ̀dọ́mọkùnrin tálákà tí ń hú òkú tà, ti wọ inú ìtàn.

Ó yẹ kí a yin òǹkọ̀wé yìí níbi tí ìyìn tọ́ sí i. Kò fi ọlá Hazel pamọ́ fún òǹkàwé. Ó jẹ́ kí a rí i pé ọmọbìnrin tí a fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù yìí náà ní ilé ńlá àti ìránṣẹ́, ó sì lówó tí ó lè fi san owó òkú. Nígbà tí àwọn aláìsàn láti àdúgbò àwọn tálákà bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ilé rẹ̀, ojú rẹ̀ là sí ayé tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ìtàn náà ti yẹ kí ó le jù ni ó ti rọ̀. A wá rí i pé oníṣègùn olókìkí kan ni ó ń yọ ẹ̀yà ara tálákà láti fi tún ara olówó ṣe. Báyìí ni òǹkọ̀wé ṣe kó gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ náà lé ẹnì kan lórí. Bí a bá ti tú àṣírí ẹni burúkú yìí, ọkàn òǹkàwé balẹ̀, kò sì tún ronú mọ́ nípa àwọn òkú tí Hazel fúnra rẹ̀ là. Wọn kò lórúkọ, a kò sì rí ẹbí wọn.

Ìtàn gidi ìlú Edinburgh kò fún wa ní irú ìfọ̀kànbalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1812, ọdún márùn-ún ṣáájú ọdún tí Schwartz yàn, ẹni tí a bí ní obìnrin, Margaret Bulkley, ti gboyè ìṣègùn níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ọkùnrin, James Barry. Ní 1828, William Burke àti William Hare pa ènìyàn 16, wọ́n sì ta òkú wọn fún Robert Knox, olùkọ́ nípa ẹ̀yà ara. Àwọn tálákà àti àlejò tí ẹnikẹ́ni kò ní tètè wá ni wọ́n ń dójú lé. Wọ́n so Burke kọ́ ní oṣù kìíní ọdún 1829, wọ́n sì la òun náà. Eegun rẹ̀ wà ní Yunifásítì Edinburgh títí di òní. Knox tí ó ra òkú kò dé iwájú adájọ́. Ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òfin tí ìjọba ṣe ní 1832 láti fi òpin sí òwò náà gbà pé kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ máa lo òkú tí ẹnikẹ́ni kò bá wá gbà. Àwọn tí ó kú sí ilé aláìní ni òfin yìí mú jù. Ohun tí olè ń ṣe lóru di ohun tí òfin ń ṣe lọ́sàn-án. Kì í ṣe ẹni burúkú kan ṣoṣo ló wà nídìí ọ̀ràn náà. Ìlànà ni.

Ọ̀nà tí ó lọ sí Edinburgh yìí kan náà ni àwọn obìnrin oníṣègùn àkọ́kọ́ ní Accra gbà. Agnes Yewande Savage, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gboyè níbẹ̀ ní 1929. Òun ni obìnrin Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó di oníṣègùn nílànà òyìnbó. Ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, bí wọ́n ti ń pe Gánà nígbà náà, ní ilé ẹ̀kọ́ Achimota láti 1931, àti ní ilé ìwòsàn Korle Bu. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Susan Ofori-Atta, tí wọ́n bí ní 1917. Ọmọ ọba gidi ni. Baba rẹ̀ ni Nana Sir Ofori Atta Kìíní, ọba Akyem Abuakwa. Ó lọ sí Achimota, ó kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí, ó sì gboyè ìṣègùn àti iṣẹ́ abẹ ní Edinburgh ní 1947. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di dókítà ní ilẹ̀ Gánà. Nígbà tí ó yá, ó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ ní Accra fún àwọn obìnrin àti ọmọdé.

Bí a bá sọ ìtàn rẹ̀ dé ibí nìkan, a ti dáhùn ìbéèrè kìíní. Ṣùgbọ́n ìtàn ìlú rẹ̀ gbé ìbéèrè kejì wá fúnra rẹ̀. Baba rẹ̀ wàjà ní 1943. Ní oṣù kejì ọdún 1944, nígbà ayẹyẹ ìsìnkú ọba náà ní Kyebi, Akyea Mensah, baálẹ̀ Apedwa, di àwátì. Ìjọba fi ẹ̀sùn kan àwọn ọkùnrin mẹ́jọ, tí àwọn ìbátan ọba wà nínú wọn, pé wọ́n pa á láti fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ètùtù. Ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi. Wọ́n ní àwọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀, J. B. Danquah sì jà fún wọn. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1947, ọdún kan náà tí Susan gboyè, wọ́n so mẹ́ta nínú wọn kọ́. Richard Rathbone, onímọ̀ ìtàn, tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ nínú Murder and Politics in Colonial Ghana, tí ó jáde ní 1993. Ìwé náà fi hàn bí ẹjọ́ ìpànìyàn kan ṣe di ọ̀rọ̀ ààfin, amòfin àti òṣèlú.

A kò sọ pé Susan lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn náà, kò sì sí ẹni tí ó fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kàn án. Ohun tí a ń sọ ni pé ìtàn méjèèjì yìí jọ wà nínú ilé kan, ó sì yẹ kí alámèyítọ́ lè gbé wọn ka orí tẹ́ńpìlì kan náà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi ẹjọ́ Kyebi pe ìṣe Akan ní ìṣe òkùnkùn yóò ní láti rántí Edinburgh, níbi tí wọ́n ti ń ra ara tálákà ní orúkọ ìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀ṣẹ̀ Edinburgh bo ọ̀rọ̀ Kyebi mọ́lẹ̀ yóò ní láti rántí baálẹ̀ Apedwa. Ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàárín wọn tí ó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Akyea Mensah ní orúkọ àti oyè, ó sì ní àwọn ènìyàn. Yorùbá ní òkú ọlọ́mọ kì í sùn gbàgede. Ìdí nìyẹn tí a fi ṣì mọ orúkọ rẹ̀ lónìí. Èló nínú àwọn tí wọ́n là lórí tábìlì Edinburgh ni a mọ orúkọ wọn?

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan kọ́ ni èyí. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ òkú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi ń kọ́ṣẹ́ ṣì jẹ́ òkú tí ẹnikẹ́ni kò wá gbé. Dókítà tí ó gba ẹ̀mí wa là lánàá, lára irú wọn ni ó ti kọ́ bí a ti ń di ọ̀bẹ mú. A kò lè ṣe láìsí ìmọ̀ náà, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ẹni tí ó fi ara san owó rẹ̀.

Nítorí náà, bí olùkọ́ bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé Schwartz tàbí ìtàn Ofori-Atta, kí ó má fi mọ lórí ìgboyà obìnrin nìkan, bí ìgboyà náà tilẹ̀ yẹ fún ìyìn. Kí ó ní kí wọ́n ka gbogbo òkú tí ó wà nínú ìtàn, kí wọ́n sì kọ orúkọ tí òǹkọ̀wé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ibi tí orúkọ kò bá sí ni kí ìjíròrò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé wa náà ní iṣẹ́ níbẹ̀. Ìtàn àròsọ nípa ọmọ ọba Akyem tí ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ní ìlú Burke àti Hare, nígbà tí ẹjọ́ ikú ń lọ lọ́wọ́ nílé baba rẹ̀, yóò jẹ́ ìtàn tí ó le láti kọ. Ẹni tí yóò kọ ọ́ kò ní rí ẹnì kan ṣoṣo tí yóò kó ẹ̀bi lé lórí, ìdí sì nìyẹn tí ó fi yẹ kí a kọ ọ́.